Bí Irin Bá Kọ̀ Tí Kò Gòkè Mọ́

Kò sí ẹni tó ń gbé irin tí ọjọ́ yìí kò ní dé bá. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, bí èèyàn ṣe ń lọ sí jíìmù ni ara rẹ̀ ń le sí i. Irin tó mú un mí hẹlẹhẹlẹ ní oṣù tó kọjá ti di èyí tó fi ń na ara lásán. Ẹ̀wù ń fún un lápá, àwọn ọ̀rẹ́ ń kí i, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àfi lọ́jọ́ kan tí irin dúró. Kìlò 85 tó tì lẹ́ẹ̀marùn-ún lórí bẹ́ǹṣì ní oṣù tó kọjá náà ló tún tì ní oṣù yìí. Bó bá fi kìlò méjì àbọ̀ péré kún un, irin á wálẹ̀ dé àyà, á sì jókòó síbẹ̀, àfi kí ẹni tó dúró lẹ́yìn orí rẹ̀ bá a gbé e kúrò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á fi wàhálà kún wàhálà. Ẹni tó ń lọ sí jíìmù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ á sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tó ń ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta (sẹ́ẹ̀tì kan ni iye ìgbà tí a gbé irin léraléra kí a tó sinmi) á sọ ọ́ di mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀ ni yóò tún dán ìwọ̀n tó kọ̀ ọ́ wò. Kó tó pẹ́, ejìká á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kìlò 85 tó ti mọ̀ ọ́n gbé tẹ́lẹ̀ gan-an á sì di ìṣòro. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Agbára tó dúró sójú kan ń béèrè ìwádìí lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìwádìí náà ní ètò: ó ní ohun tí a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ó sì ní èyí tí a ń fi sí ìkẹyìn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò yẹn kì í sábà pẹ́ kó tó rí ibi tí ọ̀nà ti dí.

Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ fi ń rọrùn

Orísun méjì ni agbára ní. Èkíní ni bí iṣan ṣe tóbi tó. Èkejì ni iye iṣan tí ọpọlọ lè pè sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti bó ṣe ń pè wọ́n létòlétò. Ẹni tí kò gbé irin rí ní iṣan lára, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ṣe ń kó gbogbo wọn jọ sórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Elwood Henneman, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Harvard, fi hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1965 pé ètò wà fún bí ara ṣe ń lo iṣan: àwọn ìdìpọ̀ iṣan kéékèèké ló ń kọ́kọ́ jẹ́ ìpè, àwọn ńláńlá tó ní agbára jù kì í sì í dìde àfi bí iṣẹ́ bá le gan-an. Ní 1979, Toshio Moritani àti Herbert deVries tún fi kún un: ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, inú bí ọpọlọ ṣe ń pàṣẹ ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tuntun ti ń wá, ẹ̀yìn ìyẹn ni títóbi iṣan tó gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi lè fi kìlò 20 kún ohun tó ń gbé, kí apá rẹ̀ má sì tíì tóbi rárá. Ọpọlọ ló ń kẹ́kọ̀ọ́, ọpọlọ sì ń yára kẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ̀kọ́ yẹn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, iṣan fúnra rẹ̀ ló kù tó gbọ́dọ̀ dàgbà, ìdàgbà iṣan kò sì yá.

Òfin tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹrù máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó sọ òfin yìí di ìtọ́jú nílé ìwòsàn ni Thomas DeLorme, dókítà kan nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní Chicago, ó ń tọ́jú àwọn sójà tí wọ́n fara pa. Àṣà ìgbà náà ni kí wọ́n máa fi eré ìmárale fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ wo ẹsẹ̀ tó ti rọ. DeLorme fún wọn ní irin tó wúwo, ó sì ń fi kún un bí ara wọn ṣe ń le. Ó tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti Arthur Watkins gbé ètò sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kalẹ̀, ìgbà mẹ́wàá fún sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìlàjì ìwọ̀n tí èèyàn lè gbé lẹ́ẹ̀mẹwàá, èkejì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ̀kẹta pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lónìí kò mọ̀ pé inú iṣẹ́ yẹn ni ó ti wá.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dé òpin. Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ bẹ́ǹṣì pẹ̀lú kìlò 40, tó sì ń fi kìlò méjì àbọ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀, ó ti dé kìlò 85. Bí kò bá dúró, ní òpin ọdún kẹta yóò wà ní kìlò 430. Ní 2021, Julius Maddox, ará Amẹ́ríkà, ti kìlò 355 láìwọ aṣọ ìrànlọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ti tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. A jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ń gbé irin, títí kan ẹni tó lágbára jù lọ láyé, gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn ti pin. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó dúró lóòótọ́

Ọjọ́ kan tí irin wúwo kò tíì di ìdúró. Ẹni tí kò sùn dáadáa, tí oòrùn pa láti Òṣòdì délé, tàbí tí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ ń dà láàmú, kò lè gbé ohun tó gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nítorí náà ni ìwé kékeré kan fi ṣe pàtàkì ju bẹ́líìtì àti ìbọ̀wọ́ lọ. Ẹ máa kọ ọjọ́ sínú rẹ̀, ìwọ̀n irin, iye ìgbà, iye sẹ́ẹ̀tì, àti wákàtí tí ẹ sùn. Ẹni tí kò ní ìwé, ọjọ́ tó dùn jù àti ọjọ́ tó burú jù nìkan ló ń rántí, ìdájọ́ tó bá sì fi méjèèjì ṣe kò lè tọ́.

Ìwé yìí tún ń tú ìlọsíwájú tó fara pamọ́ síta. Boyd Epley, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn eléré ìdárayá Yunifásítì Nebraska ní irin gbígbé, fi ìṣirò kan sílẹ̀ tí a ṣì ń lò. Ẹ mú iye ìgbà tí ẹ gbé irin, ẹ fi 30 pín in, ẹ fi ọ̀kan kún ohun tó jáde, kí ẹ wá fi ìwọ̀n irin sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni ìwọ̀n tó ṣeé ṣe kí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti kìlò 85 lẹ́ẹ̀marùn-ún wà ní nǹkan bíi kìlò 99. Bó bá di pé ó ti kìlò 85 yẹn kan náà lẹ́ẹ̀meje, ó ti wà ní nǹkan bíi kìlò 105. Irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti kúrò níbi tó wà.

Ìdúró tòótọ́ ni kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kí ìwọ̀n má pọ̀, kí iye ìgbà má pọ̀, kí irin náà má sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ìta jíìmù ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oorun àti oúnjẹ

Kò sí ẹni tó ń lágbára sí i lórí bẹ́ǹṣì. Bí èèyàn ṣe ń kúrò níbẹ̀, agbára rẹ̀ kéré sí bó ṣe wà nígbà tó dé. Irin ti fi iṣan sípò tó fi nílò àtúnṣe. Oúnjẹ àti oorun ló ń ṣe àtúnṣe náà, tí ara á sì fi díẹ̀ lé e nítorí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ń fi kún ẹrù láìfi kún oúnjẹ àti oorun ń jẹ gbèsè tí ara yóò wá gbà padà.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán lálẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí nira fún ẹni tó ń jáde láti Ìkòròdú ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká a mọ́ ọ̀nà, tí kì í sì í wọlé kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ètò ẹni tó ń sùn wákàtí mẹ́sàn-án. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tó kún fún iṣẹ́ gidi yóò gbé e síwájú ju ọjọ́ márùn-ún tó fi ojú oorun ṣe. Bó bá dín ọjọ́ kù, tí irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Ní ti oúnjẹ, purotéènì ni ara fi ń kọ́ iṣan. Ní 2018, Robert Morton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé bí purotéènì bá ti tó nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kìlò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, lójúmọ́ kan, èyí tó bá lé kò tún fi bẹ́ẹ̀ fi ohunkóhun kún ìdàgbà iṣan. Ẹni tó wọn kìlò 75 nílò gíráàmù 120. Kò pọn dandan kó ra ike ìyẹ̀fun olówó ńlá. Ẹyin kan ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà. Ẹja tàbí adìyẹ sísè tó wọn gíráàmù 100 ní nǹkan bíi 20 sí 30. Ẹ̀wà sísè tó wọn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi mẹ́jọ. Ẹyin mẹ́rin láàárọ̀, àwo ẹ̀wà kan tó kún pẹ̀lú ẹja lọ́sàn-án, àti ẹran tàbí ẹja tó jọjú lórí ọbẹ̀ alẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ná. Ohun tó ń ṣàkóbá fún ọ̀pọ̀ wa ni pé òkèlè pọ̀ lórí tábìlì, ẹran ọbẹ̀ sì kéré jọjọ.

Èyí kò sọ òkèlè di ọ̀tá. Iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti iṣu ló ń fún iṣan ní ohun tó ń jó nígbà tí sẹ́ẹ̀tì bá le. Ẹni tó ń dín ara kù, tí òṣùwọ̀n ń fi hàn pé ó ń fúyẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kò gbọ́dọ̀ retí kí bẹ́ǹṣì máa gòkè bíi ti ẹni tó ń yó. Bákan náà ni ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì: nínú oṣù yẹn, ẹni tó bá di ohun tó ní mú kó má bàa lọ ti ṣe dáadáa. Bó bá ṣeé ṣe, kó gbé irin lẹ́yìn ìṣínu, kó dín sẹ́ẹ̀tì kù, kó sì fi ìlépa ìwọ̀n tuntun sí ẹ̀yìn ọdún.

Bí ìgbésẹ̀ bá gùn jù

Bí oorun àti oúnjẹ bá pé, ẹ wo ohun tí ẹ ń fi kún irin. Nǹkan kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, pàápàá ní ilẹ̀ wa. Ní jíìmù àdúgbò, páìpù tí wẹ́dà gé ni irin, fíláwíìlì mọ́tò àti ike ọ̀dà tí wọ́n da kọnkéré sí ni ìwọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ ti fi irú nǹkan báyìí di alágbára, mo sì ń yìn wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n tó kéré jù lè jẹ́ kìlò márùn-ún lápá kan, èyí tó túmọ̀ sí kìlò 10 lẹ́ẹ̀kan náà. Kódà níbi tí ìwọ̀n kìlò méjì àbọ̀ bá wà, kìlò márùn-ún ló ń wọlé bí a bá fi sí apá méjèèjì.

Lórí ẹni tó ń fi kìlò 150 lé ejìká jókòó-dìde, kìlò márùn-ún jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Lórí obìnrin tó ń ti kìlò 40 sókè orí, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Kò sí iṣan tó ń dàgbà ní ìdá kan nínú mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ara obìnrin náà kò kọ iṣẹ́. Àlàfo tí wọ́n ní kó fò ló gbòòrò jù.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ẹ wá ìwọ̀n kìlò kan tàbí ìlàjì kìlò. Bí kò bá sí, ẹ da yanrìn sínú àpò kéékèèké méjì, kí ẹni tó ń ta ẹja yìnyín bá yín fi òṣùwọ̀n rẹ̀ wọ̀n wọ́n dọ́gba, kí ẹ so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ apá kọ̀ọ̀kan irin. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìgbà kún un dípò ìwọ̀n: ẹ dúró lórí kìlò kan náà, ẹ gbé e láti ìgbà márùn-ún lọ sí mẹ́fà, títí dé mẹ́jọ, kí ẹ tó fò sí ìwọ̀n tó kàn, kí ẹ sì padà sí márùn-ún níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìsinmi tó ní ètò

Ní 1975, Eric Banister àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà gbé àlàyé kan kalẹ̀ tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìdúró yìí. Wọ́n ní iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ń fi nǹkan méjì sílẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: agbára àti àárẹ̀. Ohun tí a ń rí lọ́jọ́ kan ni èyí tó ṣẹ́ kù bí a bá yọ àárẹ̀ kúrò nínú agbára. Àárẹ̀ máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ. Agbára kì í yára pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára. Nítorí náà, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láìsinmi lè ti ní agbára tuntun tí kò rí, nítorí pé àárẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló sábà ń gbà láti yẹ èyí wò. Ẹ má ṣe kúrò ní jíìmù. Ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ dín sẹ́ẹ̀tì kù sí ìlàjì, kí ìwọ̀n sì wà ní nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá èyí tí ẹ ń gbé. Ẹni tó ń ti kìlò 85 á ti nǹkan bíi 50. Yóò dà bíi pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ fara dà á. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí, tí kìlò 85 wá gòkè lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí lẹ́ẹ̀meje, ẹ ti mọ̀ pé agbára wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ètò yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí àárẹ̀ tó di òkìtì.

Kí ọjọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì

Bí ọ̀sẹ̀ ìsinmi bá kọjá, tí irin gòkè díẹ̀ tó tún dúró, ètò fúnra rẹ̀ ló ti gbó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè gbé ohun tó wúwo jù fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nítorí pé ohun tó wúwo jù fún un kò tíì wúwo. Ẹni tó ti di alágbára kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Irin tó ń gbé báyìí ń gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò.

Bill Starr, olùkọ́ irin gbígbé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀nà kan sínú ìwé rẹ̀ The Strongest Shall Survive ní 1976, ìwé tó kọ fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà (American football). Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan sì wà láàárín. Ká mú ẹni tó ń ti 85 lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọjọ́ Ajé, ó lọ títí dé 85. Ọjọ́Rú, ó dúró ní nǹkan bíi 67.5. Ọjọ́ Ẹtì, ó dúró ní nǹkan bíi 77.5. Ọjọ́ tó fúyẹ́ ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ iṣẹ́ láìda àárẹ̀ lé èèyàn, ọ̀sẹ̀ tó kàn ló sì ń béèrè ìwọ̀n tuntun.

Jim Wendler, tóun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, gbé ètò mìíràn jáde ní 2009 tó lo oṣù dípò ọ̀sẹ̀. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé kìlò 100 lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe gbogbo ìṣirò yín bí ẹni tó lè gbé 90. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ gbé ìdá 65, 75 àti 85 nínú 100 ti 90 yẹn, ìgbà márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdá 70, 80 àti 90, ìgbà mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdá 75 lẹ́ẹ̀marùn-ún, 85 lẹ́ẹ̀mẹta, 95 lẹ́ẹ̀kan. Ní sẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn láwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, bí agbára bá ṣì wà, ẹ lè kọjá iye tí wọ́n dá. Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti ìsinmi: ìdá 40, 50 àti 60. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan bíi kìlò méjì àbọ̀ kún ìpìlẹ̀ ìṣirò bẹ́ǹṣì, ẹ fi nǹkan bíi márùn-ún kún ti jókòó-dìde àti ti gbígbé láti ilẹ̀, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa dán ara rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà á rí i pé ètò yìí kò yá. Ṣùgbọ́n bí kìlò méjì àbọ̀ bá wọlé lóṣù kan, kìlò 30 ni lọ́dún kan, èyí tí ẹni tó ti dúró sójú kan láti ọdún tó kọjá kò ní láéláé.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí iṣan rẹ̀ kéré sí iṣẹ́ tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lè kúrò lórí irin wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó máa lo ìwọ̀n tó lè gbé lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀mejìlá, kó jẹun dáadáa, kí iṣan lè tóbi. Bó bá padà sórí irin wúwo, ọpọlọ yóò ní iṣan púpọ̀ sí i láti pàṣẹ fún. Ẹni tó ti tóbi, ṣùgbọ́n tí kì í gbé ohun tó wúwo, ọ̀nà kejì ni tirẹ̀: ìgbà kan sí mẹ́ta pẹ̀lú irin tó sún mọ́ òpin agbára rẹ̀, kí àwọn ìdìpọ̀ ńláńlá tí Henneman sọ̀rọ̀ wọn lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìpè.

Ibi tí irin ti ń dúró gan-an

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wo ibi tí irin ti kọ́kọ́ ń lọ́ra. Lórí bẹ́ǹṣì, ó máa ń sábà jẹ́ ibi tó gòkè díẹ̀ kúrò láyà. Bó bá jẹ́ ibẹ̀, ẹ máa dá irin dúró sórí àyà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ẹ tó tì í. Ẹ má ṣe jẹ́ kó ta padà. Ìwọ̀n tí ẹ ń gbé yóò kéré fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí ẹ bá kọ́ níbẹ̀ kì í jáni kulẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè pátápátá, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń tọ́, iṣan ẹ̀yìn apá ló ń béèrè iṣẹ́: ẹ di irin mú kí ọwọ́ méjèèjì sún mọ́ra díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi èyí kún ètò yín.

Ẹ tún wo ìpìlẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Eegun ẹ̀yìn ejìká méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ bẹ́ǹṣì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń ti irin lójoojúmọ́ kì í fa ohunkóhun, ẹ̀yìn wọn kò sì lè gbé ohun tí àyà wọn ń tì. Iye ìgbà tí ẹ bá ti irin, ẹ fa irin tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àkókò ìsinmi láàárín sẹ́ẹ̀tì. Ìwádìí kan tí Brad Schoenfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta ní agbára ju àwọn tó sinmi ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó ń kánjú láàárín sẹ́ẹ̀tì lè máa rò pé agbára òun ti dúró, nígbà tó jẹ́ pé èémí rẹ̀ ni kò tíì padà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dán ìwọ̀n tuntun wò lórí bẹ́ǹṣì láìsí ẹni tó dúró lẹ́yìn orí yín. Ìrora tó mú iṣan lọ́jọ́ kejì jẹ́ ohun tó ń lọ. Èyí tó ń gún ní oríkèé, tàbí tó ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń gbé irin, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú

Àsìkò ìdúró yìí gan-an ni àwọn tó ń ta abẹ́rẹ́ máa ń sún mọ́ ọ̀dọ́. Wọ́n á ní kò sí ohun tó ń gbé irin ju òògùn lọ. Lóòótọ́ ni àwọn òògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi testosterone máa ń mú iṣan tóbi. Òótọ́ náà ni pé wọ́n lè ba ọkàn jẹ́, wọ́n lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n ń dá ara ọkùnrin dúró láti máa ṣe àtọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń yí ohùn obìnrin padà láìsí àtúnṣe. Èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ oorun wákàtí mẹ́rin àti ìgbésẹ̀ kìlò 10, abẹ́rẹ́ kò lè tún un ṣe. Yóò kàn fi gbèsè mìíràn lé gbèsè ni. Nínú gbogbo ohun tó bófin mu, kíríátíìnì, gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn díẹ̀ tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá. Òun náà kò lè rọ́pò oúnjẹ.

Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ṣe ń ṣe é

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé sùúrù jẹ́ ti àwọn tí kò lágbára, kó wo Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀. Nínú irin gbígbé àwọn abirùn, níbi tó ti ń ṣojú fún Nàìjíríà, bẹ́ǹṣì nìkan ni ìdíje, òfin rẹ̀ sì ni kí irin dúró jẹ́ẹ́ láyà kí a tó tì í. Ní ìdíje Paralympics ti London ní 2012, fàdákà ló gbà. Wúrà rẹ̀ dé ní Tokyo ní 2021, nígbà tó ti ohun tó lé ní kìlò 150. Ní Paris ní 2024, ó ti kìlò 167, ó gba wúrà mìíràn, kò sì sí obìnrin kankan ní ìpele rẹ̀ nínú eré náà tó ti tì tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Láàárín Tokyo àti Paris, ohun tó fi kún irin rẹ̀ kò tó kìlò 17. Ẹ pín in sí nǹkan bí oṣù 36 tó wà láàárín: kò tó ìlàjì kìlò lóṣù kan. Ìlọsíwájú ẹni tó dára jù lọ láyé nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ṣe ìwádìí yín létòlétò: ìwé, oorun, oúnjẹ, ìgbésẹ̀, ìsinmi, ètò, lẹ́yìn náà ìdúró ara lórí irin. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún padà lọ́jọ́ kan lè rí i pé irin gòkè, ṣùgbọ́n kò ní mọ èyí tó gbé e. Irin yóò tún dúró lọ́jọ́ mìíràn, ìyẹn dájú. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó tú ìdúró àkọ́kọ́ ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìkejì.